Báwo ni ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe lè bá àwọn awakọ̀ oníjàgídíjàgan lò ní ojú títì Àkúrẹ́?

Tíṣà Oníkẹ̀kẹ́ béèrè pé:

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀, mo kí yín. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ẹ̀bá Alágbàka, àdúgbò kan nítòsí yunifásítì FUTA ni mo sì ń gbé. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójoojúmọ́, ni mo ti gbé kẹ̀kẹ́ ológeere tí mo ń gùn nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga jáde, tí mo tún un ṣe, tí mo sì ń gùn ún lọ sí ẹnu iṣẹ́. Òyèmẹkùn ni mo ń gbà bọ́ sí ọ̀nà Ọba Adésidà, n ó kọjá Ọjà Ọba kí n tó forí lé ọ̀nà Alágbàka. Ara mi ti le sí i, owó tó ń ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ ní ìparí oṣù kò kéré, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í sì í dá mi dúró mọ́.

Àwọn awakọ̀ ni ìṣòro mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n dé Ọjà Ọba, ọkọ̀ akérò kan wá sí ẹ̀yìn mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè láìdánu dúró. Mo yà sí etí gọ́tà pátápátá kí ó lè rí àyè kọjá. Ibi tí ó ti ń kọjá ni dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ti gbá mi ní ìgbọ̀nwọ́, mo sì ṣubú sórí yanrìn tó wà lẹ́bàá gọ́tà náà. Awakọ̀ náà dúró níwájú, mo rò pé ó fẹ́ wá gbé mi dìde ni, àfi bí ó ṣe yọ orí síta tí ó ń pariwo pé ṣé ojú títì ni wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló ki ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lọ. Ìyá kan tó ń ta ọsàn ló bá mi gbé kẹ̀kẹ́ dìde, tí ó fi omi fọ ọwọ́ mi. Méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dúró ní òdìkejì títì, wọ́n ń wò mí, èyí sì dùn mí ju ìgbọ̀nwọ́ tó bó lọ, nítorí èmi ni mo ń sọ fún wọn nínú kíláàsì pé kò sí ìtìjú nínú kẹ̀kẹ́ gígùn.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Ṣé etí gọ́tà ni kí n máa gbà ni, àbí kí n dúró sí ojú ọ̀nà gan-an bí ọkọ̀ yòókù? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa dojú kọ àwọn ọkọ̀ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kí n lè máa rí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Nígbà tí awakọ̀ bá sì ti bínú tán, tí ó ń tì mí kúrò lọ́nà, kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n ta kẹ̀kẹ́ mi, nítorí n kò ní owó ọkọ̀ tí n ó fi rọ́pò rẹ̀.

Bàbá Awakọ̀ dáhùn pé:

Tíṣà, ọmọ mi, kú ewu. Ọpẹ́ ni pé ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló bó. Ọdún 38 ni mo fi wa ọkọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì sí ìlú Ondó, láti orí lọ́rì tó ń kó kòkó títí dé orí ọkọ̀ akérò, nítorí náà láti orí àga awakọ̀ ni n ó ti dá ọ lóhùn.

Kúrò ní etí gọ́tà. Bí o bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ohun tí awakọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ ń rí ni títì tó ṣófo. Kò ní dín eré kù, kò sì ní yà fún ọ, yóò kàn gbà pé àyè tó òun láti kọjá, bẹ́ẹ̀ àyè náà kò tó. Etí títì wa tún wá jẹ́ ibi tí ọ̀dà ti fọ́, tí yanrìn ti kó jọ, tí gọ́tà sì la ẹnu sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sún mọ́ ọ jù níbẹ̀, kò sí ibi tí o lè sá sí mọ́. Fi nǹkan bí mítà kan sílẹ̀ láàárín rẹ àti etí ọ̀dà, kí o sì máa lọ ní ìlà kan ṣoṣo. Mítà kan yẹn ni ibi ìsádi rẹ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá há ọ mọ́. Níbi tí títì bá ti fún débi pé ọkọ̀ kò lè yà ọ́ sílẹ̀ láìfara kàn ọ́, bọ́ sí àárín ọ̀nà tìrẹ kedere, kí ó mọ̀ pé òun ní láti dúró díẹ̀. Tí ọ̀nà bá ti fẹ̀, padà sí ẹ̀gbẹ́ kí o jẹ́ kí ó kọjá. Èyí tí ń pani ni kí a máa wọlé sáàárín àwọn ọkọ̀ tó dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí a tún máa já jáde lójijì.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o dojú kọ ọkọ̀, má gbọ́ tirẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ní Nàìjíríà ti kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo ti gbọ́n nígbà náà, mo rántí bí a ṣe ń kọ́ bí a ó ṣe sọdá títì lákọ̀tun. Ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ̀kẹ́ rẹ náà gbọ́dọ̀ wà. Ìwọ olùkọ́, bá mi ṣírò rẹ̀: bí o bá ń sáré kìlómítà 20 ní wákàtí kan, tí ọkọ̀ ẹ̀yìn rẹ ń sáré 50, kìlómítà 30 péré ni eré tí ó fi ń bá ọ. Bí ẹ bá dojú kọ ara yín, 20 àti 50 ni yóò para pọ̀ di 70. Ìyẹn nìkan kọ́. Awakọ̀ tó fẹ́ yà sí ọ̀tún láti inú àdúgbò bọ́ sí títì ńlá kì í wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dáadáa, ọwọ́ òsì tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ ló ń wò. Bí o bá ń ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ̀, kò ní rí ọ títí tí yóò fi gbá ọ. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè fò sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kìlómítà 50 ni òfin fi dé eré ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàárín ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í tẹ̀lé e. Ní eré yẹn gan-an, ọkọ̀ ń lọ bíi mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí awakọ̀ bá yíjú sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá méjì péré láti gba owó lọ́wọ́ èrò, ó ti rin mítà 28 láìwo iwájú. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí o jẹ́ kí wọ́n tètè rí ọ, kí wọ́n sì mọ ibi tí o ń lọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Bí awakọ̀ bá ti bínú, má bá a jà. Má ṣe gbá ara ọkọ̀ rẹ̀, má ṣe sọ̀rọ̀ sí i, má sì ṣe lé e. Dúró, jẹ́ kí ó lọ, ka nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sórí. Bí ó bá kọlù ọ́, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní nọ́ńbà tí a ń pè lọ́fẹ̀ẹ́, 122 ni.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ fi kún un, kì í rọrùn fún mi láti sọ. Èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọ̀nà Ondó, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, mo fi lọ́rì ti adẹ́mu kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti oko wọ inú koríko, nítorí pé ó ń dá mi dúró lórí òkè. Mo rí i nínú dígí pé ó ṣubú, pé akèrègbè ẹmu rẹ̀ fọ́, mo sì rí i tí ó dìde. N kò dúró. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mo ṣì máa ń rí ọkùnrin náà tí ó ń wo ẹmu rẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ rẹ̀ ló dà nù nítorí ìṣẹ́jú kan tí mo fẹ́ jèrè.

Ìyá Ìjàpò dáhùn pé:

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run yóò dárí jì wá. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ takò yín níbì kan. Kí Tíṣà bọ́ sí àárín ọ̀nà ní ẹ̀bá Ọjà Ọba ní aago méje àbọ̀ òwúrọ̀, níwájú àwọn tó ń sáré lé èrò, ẹ̀rù ń bà mí. Lóòótọ́ ló ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kì í dá ẹsẹ̀ tó bá ti ṣẹ́ padà. Tíṣà mi, bí o bá lè jí ní ìdajì wákàtí ṣáájú, jí. Níbi tí ọ̀nà inú àdúgbò bá wà, gba ibẹ̀, kódà bí ó bá jìn díẹ̀. Ní ẹnu Ọjà Ọba gan-an, níbi tí àwọn ọlọ́jà, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti takisí ti jọ ń fa ojú ọ̀nà kan ṣoṣo mọ́ra wọn lọ́wọ́, sọ̀ kalẹ̀ kí o ti kẹ̀kẹ́ rẹ kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

Ohun kejì tí kò sí ẹni tó mẹ́nu bà ni ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ní ọdún tó kọjá, mo gbé ọkọ̀ mi sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Arákálẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn láìwo ẹ̀yìn, ọmọ kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ sì fi àyà lu ilẹ̀kùn náà. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, mo tọ́jú rẹ̀, mo lọ bẹ àwọn òbí rẹ̀, ara ọmọ náà sì yá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn awakọ̀ ní Nẹ́dálándì: ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń ṣí ilẹ̀kùn tó wà ní ọwọ́ òsì mi. Bí o bá dán an wò, wàá rí i pé ara rẹ yóò yí fúnra rẹ̀, ojú rẹ yóò sì wo ẹ̀yìn kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Mo ń bẹ gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí. Ìwọ náà Tíṣà, tí o bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó dúró, jìnnà sí i tó ìwọ̀n ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí o sì máa wò bóyá orí ènìyàn wà ní ìjókòó awakọ̀.

Tíṣà Oníkẹ̀kẹ́ fèsì pé:

Mọ́mì, ẹ ṣé. N ó máa ti kẹ̀kẹ́ mi kọjá ní ẹnu Ọjà Ọba, n kò ka ìyẹn sí ìtìjú. Àwọn ọ̀nà inú àdúgbò ló ṣòro díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní ọ̀dà, bí òjò bá sì ti rọ̀, ẹrẹ̀ ni mo fi ń wọ kíláàsì. N ó wá èyí tó dára nínú wọn.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yìí ni pé àwọn kan ti fi òfin sọ ìwọ̀n àyè náà gan-an. Ní Jámánì, láti ọdún 2020, awakọ̀ tó bá fẹ́ kọjá lára ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ fi mítà kan àbọ̀ sílẹ̀ láàárín ìlú, àti mítà méjì lẹ́yìn odi ìlú. Èyí túmọ̀ sí pé bí àyè kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ni ọkọ̀ yóò wà. Ní gbogbo ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́, kò sí ìlà kan tí wọ́n fà fún kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá ń tún títì ṣe ní Àkúrẹ́, tí wọ́n sì fi irin tàbí kọnkéré bo gọ́tà, àyè yẹn nìkan ì bá gbà wá.

Ọmọ Ìsìnkàn, awakọ̀ takisí, dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, nítorí ohun tí ẹni yẹn ṣe kò dára. N kò fẹ́ wí àwíjàre fún un, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn wa, torí pé yóò ràn yín lọ́wọ́.

Owó kan wà tí mo gbọ́dọ̀ dá fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́, yálà èrò wà tàbí kò sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó ra epo, lẹ́yìn epo ni tèmi tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, láti àárọ̀ di alẹ́, etí títì ni ojú mi wà, mo ń wá ẹni tó na ọwọ́ sókè. Bí ẹ bá ti rí èrò tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níwájú yín, tí takisí sì wà lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ náà yóò já sí ọ̀tún láìpẹ́, yóò sì já síwájú yín gan-an. Ẹ dín eré kù kí ó tó ṣe é. Ẹ má dúró de iná tó ń ṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ni iná yẹn ti kú lára wọn tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ fèrè náà tún wà níbẹ̀. Gbogbo fèrè kọ́ ni èébú. Bí mo bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kúkúrú, ohun tí mo ń sọ ni pé, “Mo wà lẹ́yìn rẹ o, má yà.” Bí mo bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tí mo ti kọjá, mo ń dúpẹ́ ni. Èyí tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí a kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ni ìbínú, tí ẹ bá sì gbọ́ irú rẹ̀, ẹ wá ibi tó dára kí ẹ dúró sí kí ó máa lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀rù máa ń bà bí wọ́n bá gbọ́ fèrè kúkúrú, wọn a wá yà bìrí láìròtẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ìjàǹbá sì ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ sókè kí n mọ̀ pé ẹ gbọ́ mi, ẹ máa lọ ní ìlà yín.

Ẹ tún máa wo ojú wa. Bí ẹ bá fẹ́ yà sí òsì, ẹ wẹ̀yìn, ẹ na ọwọ́ òsì gbọọrọ, ẹ jẹ́ kí ojú yín àti ojú mi pàdé kí ẹ tó yà. Mo lè ti ẹ̀yìn ẹlòmíràn lu fèrè láìnáání rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo ojú mi, tí ó gbé ọwọ́ sí mi, n kò mọ bí mo ṣe lè ṣe é fún un, ó ti di ẹni tí mo mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi nǹkan orin sí etí lórí kẹ̀kẹ́.

Alátùn-únṣe Kẹ̀kẹ́, Ọ̀nà Ọ̀dà, dáhùn pé:

Awakọ̀ ti sọ pé kí ẹ máa wẹ̀yìn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wẹ̀yìn níbi tí kòtò pọ̀ sí báyìí lè kó sínú kòtò iwájú. Ẹ fi dígí kékeré sí apá òsì ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yín. Ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn mọ irú ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti bí ó ṣe ń sáré tó, lẹ́yìn náà ẹ ó kàn wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi lẹ́yìn ìjàǹbá ni rọ́bà bíréèkì wọn ti jẹ tán. Bí irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá tutù nínú òjò, bíréèkì onírọ́bà kì í tètè mú, nítorí náà ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ṣáájú kí omi lè nù kúrò lára irin, kí ẹ tó wá tẹ̀ ẹ́ gan-an. Iná pupa lẹ́yìn àti iná funfun níwájú kì í ṣe ti alẹ́ nìkan. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, nígbà tí kùrukùru bá bo ojú ọ̀nà, òun ni awakọ̀ yóò kọ́kọ́ rí. Ẹ dé akoto, kí ẹ sì wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ lórí èyí tí ẹ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Tíṣà Oníkẹ̀kẹ́ fèsì pé:

Ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá, mo ní kí n jábọ̀ fún yín. Mo ń lọ ní ìwọ̀n mítà kan sí etí ọ̀dà báyìí, mo sì ń ti kẹ̀kẹ́ mi kọjá ní Ọjà Ọba. Ní Ọjọ́bọ̀, ní Òyèmẹkùn, ọkọ̀ akérò kan fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn mi níbi tí ọkọ̀ ńlá méjì dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ara mi kọ́kọ́ fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, ṣùgbọ́n mo wẹ̀yìn, mo gbé ọwọ́ sókè, mo sì dúró lójú ìlà mi. Ó dín eré kù títí mo fi kọjá àwọn ọkọ̀ náà. Nígbà tí mo yà sí ẹ̀gbẹ́ fún un, ó kọjá jẹ́jẹ́, ó sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bí kì í bá ṣe Ọmọ Ìsìnkàn, èébú ni ǹ bá kà á sí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, òmíràn tẹ fèrè mọ́lẹ̀, ó sì bú mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jẹ́ kí ó lọ. Ó dùn mí, mo sì ka nọ́ńbà rẹ̀ sórí.

Dígí apá òsì ni n kò tíì rí rà. Ẹ̀yin Alátùn-únṣe, ṣé ó wà lọ́wọ́ yín?

Alátùn-únṣe Kẹ̀kẹ́, Ọ̀nà Ọ̀dà, fèsì pé:

Méjì ló kù nílẹ̀, n ó fi ọ̀kan pamọ́ dè yín. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà wá ní òwúrọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, kí n lè tú bíréèkì iwájú wò pẹ̀lú, nítorí kẹ̀kẹ́ tó bá ti ṣubú sórí yanrìn bẹ́ẹ̀, yanrìn sábà máa ń wà nínú wáyà rẹ̀.